Bí A Bá Ń Lọ sí Etí Òkun Àgbádárìgì

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń lọ sópin báyìí, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu àwa ọmọ ẹgbẹ́: ibo ni a ó lọ fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́? Lọ́dún yìí, ohùn tó pọ̀ jù ni pé kí á lọ sí etí òkun Àgbádárìgì, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Badagry. Wọ́n ní oòrùn ibẹ̀ dára, iyanrìn ibẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, igi àgbọn tò lọ bí ọmọ ogun, omi òkun sì wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Wọ́n ní kí á gbé ẹ̀rọ orin dání, kí á se ìrẹsì sínú kúlà, kí á lúwẹ̀ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

N kò lòdì sí ìrìn-àjò náà. Èmi gan-an fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ńṣe ni à ń sọ̀rọ̀ Àgbádárìgì bí ẹni pé pápá ìṣeré tí kò lólúwa ni. Èrò tèmi ni pé ìlú náà ní onílé, òkun náà ní ìwà tirẹ̀, iyanrìn tí a fẹ́ jó lé lórí sì ní ìtàn nínú. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó lọ bí àlejò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó yẹ kí àwa tí à ń gbé Òkè Ọya mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹlòmíràn lọ. Púpọ̀ nínú wa, àjò ni wọ́n bí wa sí. Kánò ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ní Sabon Gari, nínú ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní yàrá, tí wọ́n sì ń sọ Hausa lójúde. Kí n tó mọ̀wé kà ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí mo bá fẹ́ wọ ilé onílé, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n kọ́kọ́ kí wọn. Bí wọ́n bá ń kírun lọ́wọ́, kí n dín ohùn mi kù. Kò sí ẹni tó kọ òfin náà sára ògiri. Àwọn òbí wa kọ́ wa nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé ni àlejò fi ń pẹ́ lájò. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí á dì mọ́ ẹrù Àgbádárìgì, kí á tó ronú kan ẹ̀rọ orin.

ÌGBÀ TÓ YẸ ÀTI Ọ̀NÀ TÓ YẸ

Àgbádárìgì wà ní ìwọ̀ oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, ó kù díẹ̀ kí á kan ibodè Sèmè tí a fi ń wọ orílẹ̀-èdè Benin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Nòfẹ́ńbà sí oṣù Máàṣì, ló dára jù láti lọ. Láti oṣù Épírì títí dé Júláì, òjò etí òkun kì í ṣe ẹgbẹ́ òjò wa ti òkè níbí tó ń rọ̀ tó ń dá. Ó lè fi odidi ọjọ́ kan rọ̀ láìdánudúró. Ìgbà òjò yìí náà ni inú òkun máa ń ru. Ẹni tó bá lọ nígbà náà, ẹrẹ̀ ni yóò rí, kò ní rí oòrùn. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì náà kò wù mí, nítorí èrò Èkó a máa ya dé etí òkun nígbà náà bí eṣú.

Bí a bá ń ti Òkè Ọya bọ̀, ìdájí ni kí ọkọ̀ wa gbéra, kí á sì sùn sọ́nà bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìlọrin dára láti sùn, Ìbàdàn náà dára, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ní ẹbí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi òótọ́ sọ ọ́, ìrìn òru kò bójú mu mọ́ lójú ọ̀nà orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó bá dá lọ, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, lè wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì ní Mile 2. Láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ó sì ń gbani lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀, nítorí náà kí á ra káàdì kí á tó lọ tò.

Nítorí pé ibodè kò jìnnà, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ ilé ẹ̀kọ́ dání, kí ó sì wà nítòsí ọwọ́, kí ó má ṣe wà nísàlẹ̀ àpò. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró, ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ Hausa ni ọ̀gá wọn gbọ́, ẹ fi Hausa kí i. Èdè púpọ̀ kì í di ẹrù lórí.

OORU GBOGBO KỌ́ NI OORU

Mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ kan ń fọ́nnu pé, "Ta ni yóò sọ fún ọmọ Kánò pé oòrùn ń mú?" Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní Kánò, nínú oṣù Épírì, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Àgbádárìgì, kò wọ́pọ̀ kí ó kọjá 34. Bí a bá wo nọ́ńbà nìkan, a ó ní ti Àgbádárìgì kéré. Àmọ́ afẹ́fẹ́ Kánò gbẹ. Bí òógùn bá ti ń yọ ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, bí ó sì ṣe ń gbẹ ni ara ń tutù. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Òógùn yóò jáde, kò ní gbẹ, yóò kàn máa ṣàn sílẹ̀ lásán, ara yóò sì máa gbóná sí i. Atẹ́gùn òkun tún ń tan ènìyàn jẹ. Ó ń fẹ́ síni lára, a kò sì ní tètè mọ̀ pé oòrùn ti ń jẹ wá. Iyanrìn àti omi pẹ̀lú ń da ìtànṣán oòrùn padà sókè, nítorí náà ẹni tó jókòó sábẹ́ igi pàápàá ń gba ìpín tirẹ̀.

Kí ni kí á ṣe? Kí á wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, irú bùbá àti ṣòkòtò àǹkárá tí kò fún mọ́ni lára. Kí á dé fìlà tó ní etí, tàbí kí á mú agboòrùn. Kí á wọ sálúbàtà, nítorí iyanrìn ọ̀sán gangan a máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹ̀yinná. Kí á ṣe ìrìn wa ní òwúrọ̀, kí á wà lábẹ́ òrùlé láti agogo 11 sí agogo 3. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n jẹ́ àfín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe ẹlẹ́yà bí ẹ bá wọ aṣọ alápá gígùn, tí ẹ fi ìpara oòrùn pa ara, tí ẹ sì jókòó sínú ilé lọ́sàn-án. Oòrùn tó ń ta àwa yòókù lára ń pa ara yín lára gidi.

Omi ni kí á máa mu, kí á má ṣe dúró títí òǹgbẹ yóò fi gbẹ wá. Ọtí bíà kì í ṣe omi. Ńṣe ló ń mú kí ènìyàn tọ èyí tó wà lára rẹ̀ dànù. Bí inú ẹnìkan bá ṣú, tó ń bì, kí á po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnìkan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tí ara rẹ̀ sì gbóná janjan, kì í ṣe àkókò ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún ní ọrùn àti abíyá, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má ṣe da omi sí i lẹ́nu, kí ó má baà pá a lórí.

ÒKUN KÌ Í ṢE ODÒ

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni ìdí tí mo fi mú kálàmù. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́, inú odò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Òmíràn kọ́ ọ ní odò Kàdúná, òmíràn ní adágún omi ilé ìtura. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n omi odò ń lọ sí apá kan ṣoṣo, adágún kò sì lọ síbì kankan. Òkun Àtìláńtíìkì ń lọ, ó ń bọ̀. Etí òkun Èkó ṣí sílẹ̀ gbàgà, kò sí òkúta tàbí erékùṣù tí yóò dá agbára ìgbì dúró kí ó tó kan iyanrìn. Ìgbì á ga, á dà lulẹ̀ gbì, á sì fi ipá fa ohun tó bá bá padà.

Omi tí ìgbì gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà. Ibi tó bá ti rí àyè ni yóò gbá jọ sí, yóò sì máa sáré padà sínú agbami bí odò tó wà nínú òkun. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ibi tí ìṣàn náà wà, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, ojú omi á dà bí ẹni pé ó pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni àlejò yóò rò pé ó dára láti wọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Bí ìṣàn yìí bá gbé ènìyàn, ohun tó ń pani kì í ṣe pé ó ń fani mọ́lẹ̀. Ìjàkadì ló ń pani. Ẹni tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ ní tààrà sí èbúté, ńṣe ló ń bá alágbára jà; yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì rì. Ohun tó yẹ ni pé kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè láti pe ìrànlọ́wọ́, kí ó sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú èbúté, títí yóò fi kúrò nínú ìṣàn náà, kí ó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sómi láti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan ṣe ń di méjì nìyẹn. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo, kúlà tàbí okùn sí i, kí ó sì ké pe àwọn apẹja, nítorí àwọn ni wọ́n mọ omi náà.

Àwọn kan yóò ní ojo ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Àwọn àgbà ló ní òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń gbà á là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n díẹ̀ ni à ń wá kiri. Kì í ṣe ọdún kan ni à ń gbọ́ pé òkun gbé ọ̀dọ́ lọ ní etí òkun Èkó, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé tàbí ọmọ ìjọ tí wọ́n fi ọjọ́ kan ṣoṣo wá gbafẹ́. Àwọn òbí wa tó rán wa wá sí ilé ẹ̀kọ́ kò rán wa lọ sínú agbami. Nítorí náà, èrò mi ni pé kí omi má ṣe kọjá orúnkún ẹnikẹ́ni nínú wa, ì báà jẹ́ òmùwẹ̀, ì báà má jẹ́ òmùwẹ̀. Kí ó jẹ́ òfin, kí á kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa kí ọkọ̀ tó ṣí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. A ó la ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gberefu kí á tó dé etí òkun tí mo ń sọ yìí. Ẹni tí kò bá rí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wọ̀, kó má ṣe wọ ọkọ̀. Bí èrò bá ti kún, kí á dúró de òmíràn. Kí á sì ti padà sórí ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

ÌTÀN TÓ WÀ NÍNÚ IYANRÌN

Erékùṣù Gberefu tí mo dárúkọ yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà kọjá. Bí wọ́n bá ti tà wọ́n ní ọjà Vlekete nínú ìlú, wọ́n á fi ọkọ̀ kó wọn la ọ̀sà, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn lọ pàdé ọkọ̀ òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn afinimọ̀nà sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níbi tí iyanrìn ti parí, tí òkun bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Point of No Return, nítorí pé ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ kò ní padà mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni a fẹ́ gbé ẹ̀rọ orin lọ.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá tààrà. Láti èbúté bí Àgbádárìgì, Èkó àti Ouidah ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lọ. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Nàgó ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí ní Cuba, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà wa títí di òní. Ẹni tó bá dúró lórí iyanrìn náà, kò burú bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe lọ síbẹ̀ láti kàn bú àwọn òyìnbó kí á sì máa bọ̀. Ẹ dé ilé Seriki Williams Abass nínú ìlú. Ìjógà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni wọ́n bí ọkùnrin náà sí, Fárèmí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó sì padà. Nígbà tó padà, òun náà di olówò ẹrú, ó lówó, ó lágbára, ó sì joyè kí ó tó kú ní 1919. Yàrá 40 ni wọ́n sọ pé ó wà ní àgbàlá náà, tí wọ́n ń há ẹrú 40 mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afinimọ̀nà ibẹ̀ yóò sọ fún yín pé ẹrú 40 ni wọ́n ń fi gba agboòrùn kan. Ẹ ronú sí i: irú agboòrùn tí mo ní kí ẹ mú dání nítorí oòrùn. Ẹni tí wọ́n tà ló tún ń tà. Ìtàn tó le ni, kò sì sí ẹ̀yà kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ òun mọ́ nínú rẹ̀.

Ìtàn rere náà kò wọ́n. Ní 1842, lábẹ́ igi Àgíà, ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, àmì ìrántí sì wà lójú ibẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn C.M.S. parí ní 1845, ṣì dúró níbẹ̀. Oṣù Jánúárì ọdún 1845 yẹn kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú ní 1821. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò là nígbà náà nítorí ogun, ó sì ní láti dúró ní Àgbádárìgì fún ọdún kan ààbọ̀. Òun ló ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àwa tí à ń kọ èdè Yorùbá sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí, a jẹ ọkùnrin náà ní gbèsè. Ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbà á ní àlejò títí ọ̀nà fi là.

ONÍLÉ WÀ NÍLÉ

Ta ni ó gbà á ní àlejò? Àwọn Ògù ni. Àwọn Yorùbá Àwórì wà ní agbègbè náà, ṣùgbọ́n àwọn Ògù ló pọ̀ jù nínú ìlú Àgbádárìgì. Èdè tiwọn yàtọ̀ sí Yorùbá. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo ló ń sọ ọ́ bákan náà. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń sọ ọ́ dáadáa, èyí ló sì ń mú kí a máa ṣi ojú wò wọ́n. A ń pè wọ́n ní Ègùn, a ń fi ohùn wọn ṣe àwàdà, a sì ń rò pé nítorí pé ìlú wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tiwa ni. Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó rántí bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá pè é ní "ngbàtí-ngbàtí" nínú kíláàsì. Gbogbo wa ni wọ́n ti pè bẹ́ẹ̀ rí níbí. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, nítorí pé àwa la kéré níye, ṣùgbọ́n kì í dùn. Ohun tí kò dùn mọ́ wa nínú nígbà tí a jẹ́ díẹ̀, kí á má ṣe ṣe é fún ẹlòmíràn níbi tí a ti pọ̀.

Nítorí náà, bí a bá dé Àgbádárìgì, kí á gba ọmọ ìlú gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà, kí á dúnàá-dúrà kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí á sì san owó rẹ̀ pé láìjiyàn. Kí á ní kí ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní èdè Ògù, kí á sì lò ó. Bí Zángbétò bá jáde, ìyẹn eégún onírààfíà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ ìlú lóru, kí á yà fún un, kí á má ṣe fọwọ́ kan rààfíà rẹ̀, kí á má sì ya fọ́tò rẹ̀ láìgba àṣẹ. Kí á má ṣe wọ aṣọ ìwẹ̀ rìn gba àárín ọjà. Kí á má ṣe da ọ̀rá àti ike omi sí iyanrìn, nítorí òkun yóò gbé e lọ fún apẹja, yóò sì wọ inú àwọ̀n rẹ̀.

Kí ni ìdí tí a ó fi se ìrẹsì láti ibí lọ sí ìlú ẹja? Ẹ jẹ́ kí á fi owó oúnjẹ wa sọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan ẹja níbẹ̀. Àgbọn Àgbádárìgì ní orúkọ. Ẹni tó bá mu omi rẹ̀ ní tútù kò ní bèèrè ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Kí á mú owó kéékèèké dání, nítorí ẹ̀rọ ìfowóránṣẹ́ lè kọṣẹ́, ẹni tó ta àgbọn kan kò sì ní ṣéńjì fún owó ńlá.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ ẹ̀yin adarí ẹgbẹ́ fún. Èkíní, kí á sọ ìrìn náà di ọjọ́ méjì ní Àgbádárìgì. Kí ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ìlú àti ìtàn, kí ọjọ́ kejì jẹ́ ti etí òkun. Ẹni tó bá ti rí ilé Seriki Abass kò ní fi ariwo dé Gberefu. Èkejì, kí òfin orúnkún dúró, kí á sì yan ènìyàn méjì tí wọn kò ní mutí, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti máa kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan ní gbogbo wákàtí. Iye tí a bá kó lọ ni kí á kó bọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀rọ orin dúró sílé ìtura. Bí a bá fẹ́ jó, kí á jó níbẹ̀ lálẹ́, n ó sì wà lára àwọn tí yóò jó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìwé tí à ń kà ti pọ̀ tó, pé ìgbafẹ́ ni a bá lọ, a kò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Mo gbà pé ọkàn wa nílò ìsinmi. Ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ tí ènìyàn kò fi mọ ibi tó wà, ibikíbi ló ti lè ṣe é. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn àti ooru nìkan ni à ń wá, iyanrìn wà ní Kánò, ooru sì wà níbẹ̀ dọ́ba. Ohun tó wà ní Àgbádárìgì tí kò sí níhìn-ín ni òkun tó gbé àwọn ènìyàn wa lọ, ìlú tó gba àwọn tó padà, àti àwọn onílé tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yan ẹja. Ó yẹ kí ojú wa rí gbogbo rẹ̀, kí á sì fi ríran.

Kí Olódùmarè ṣọ́ wa lọ, kí ó ṣọ́ wa bọ̀. Kí á má ṣe rí àgbákò lójú ọ̀nà, kí á má sì pàdánù ẹnikẹ́ni létí omi. Ire o.